Ìdákẹ́ Zulaikha Kì í Ṣe Bẹ́ẹ̀ Ni

Ọba tó dá etí náà ló dá ọwọ́. Ẹni tí Kò fún ní ohùn, Ó fún un ní ìka mẹ́wàá. Kí Ọba náà ṣíjú àánú wo gbogbo ẹni tó bá jókòó ti ìtàn yìí, nítorí a ó dé etí omi, omi náà ò sì ní tòrò.

Ní Kútọnu ni Zulaikha ti kọ́kọ́ rí Khaleel, bẹ́ẹ̀ ilé àwọn méjèèjì ò jìnnà síra. Ọmọ Alhaji Abdulhameed tó ń ta àwọ̀n àti okùn ìpẹja létí ọ̀sà Àgbádárìgì ni Zulaikha. Ibà ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ Zinsu ará Ajara ni Khaleel, kápẹ́ńtà ni, kò sì gbọ́ ìró kan rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀, obìnrin Ègùn, ti bí i. Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn adití Àjàṣẹ́ ló rán an wá sí ìpàdé. Ẹgbẹ́ ti Àgbádárìgì ló rán Zulaikha.

Àjọ tó ń ṣojú àwọn adití káàkiri àgbáyé ló pe ìpàdé náà fún àwọn ọ̀dọ́ adití ilẹ̀ Áfíríkà. Gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Ọwọ́ ń fò bí lékèélékèé, ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀, ẹ̀rín ń dún lọ́fun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà yọjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó padà síta, ó ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀.

Eunice ló dúró níwájú, obìnrin kúkúrú ará Ùgáńdà, aṣojú àjọ náà fún ẹkùn wa, adití bíi tiwọn. Ó na ọwọ́ sókè, gbogbo ojú sì dúró.

“Ohun tó bá kàn wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é lẹ́yìn wa,” ni ọwọ́ rẹ̀ wí. “Ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi yín.”

Zulaikha ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn adití ṣe ń pa á, ọwọ́ lókè, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ewé. Ẹnì kan ta á ní ìgbọ̀nwọ́. Ó yíjú, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìdọ̀tí pákó ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

“Ìlú wo lo ti wá?”

“Àgbádárìgì.”

“Irọ́! Apá ibo?”

“Ẹ̀bá ọ̀sà, ní ṣọ́ọ̀bù àwọ̀n.”

Khaleel fún ojú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. “Ṣé ṣọ́ọ̀bù tí bàbá kan ń jókòó síwájú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ le bí èkùrọ́?”

“Bàbá mi nìyẹn.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú, ó yọ́ wálẹ̀ lórí àga bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ gbé mì. Zulaikha rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ìpàdé náà tó tú ká, àwọn méjèèjì ti ń jẹun nínú àwo kan. Bí Khaleel bá sì fẹ́ pe Zulaikha, á fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí ti Zulaikha ti máa ń jìn bó bá rẹ́rìn-ín. Orúkọ nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn adití. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Khaleel padà sí Ajara, ó ní òun ò ní lè gbé Àjàṣẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí.

Hidayah, àbúrò Zulaikha tó ń gbọ́rọ̀, tó sì mọ èdè ọwọ́ bí ẹni mọ oúnjẹ ilé, òun ni alárinà wọn. Òun ló kó ọ̀rọ̀ lọ bá bàbá wọn. Ìyá wọn ti ṣaláìsí tipẹ́. Ìyá bàbá wọn, Ìyá Àgbà Ganiyat, ló wò wọ́n dàgbà.

“Adití fẹ́ adití?” ni Alhaji wí. Ó gbé okùn tó ń ká sílẹ̀. “Hidayah, o ò ní gbọ́n láé. Bí ọmọ bá ké lójijì, ta ni yóò gbọ́? Bí iná bá ń jó lẹ́yìn ilé, ta ni yóò gbọ́? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.”

Hidayah tú u fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Zulaikha fèsì, Hidayah sì ń sọ ọ́ jáde bó ṣe ń bọ̀: “Ó ní ọmọ tó bá sunkún, ibùsùn á mì. Ó ní ara òun ló ń gbọ́ròó. Ó ní iná tẹ́ ẹ wí yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ròó lẹ sùn lọ nígbà tó jó àká àwọ̀n lọ́dún tó kọjá, imú òun ló jí gbogbo ilé.”

“Sọ fún un pé mo ti gbọ́.”

“Ṣé ẹ gbà ni, Bàbá?”

“Mo ní mo ti gbọ́!”

Ẹni tó gbọ́ kò wí pé òun gbà. Alhaji Abdulhameed mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa nígbà tó bá kan ara rẹ̀.

Ní àkókò ọyẹ́ ọdún náà, Zulaikha ló ń gbé àwọ̀n tuntun lọ fún àwọn apẹja ní Topo, lódì kejì ọ̀sà. Àgbà ìlú wa kì í fẹ́ kí ọmọ obìnrin dá dúró létí omi lọ́sàn-án gangan, nítorí a kì í mọ ẹni tó ń rìn nígbà tí òjìji bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan lọ́kọ̀ máa ń dé.

Kùrukùru bo omi lọ́jọ́ náà. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ èbúté Topo, Zulaikha rí obìnrin kan lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Ìró kan ṣoṣo ló ró, ìró náà tutù rinrin. A ò lè sọ pé ojú rẹ̀ ò hàn. Ó hàn, ṣùgbọ́n bí ìgbà téèyàn bá ń wo owó ẹyọ nísàlẹ̀ omi ni.

Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ẹnu ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbọn nǹkan dànù níwájú àyà, bí ẹni tó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò láṣọ. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí omi.

Inú Zulaikha dùn. Adití nìyí tí ẹgbẹ́ ò tíì mọ̀! Àjọ àgbáyé ti sọ fún wọn pé kí wọ́n wá àwọn adití abúlé kàn, àwọn tí kò lọ sílé-ìwé, tí wọ́n ní èdè ọwọ́ ti ilé wọn. Ó juwọ́ sí i.

“Ẹ kú ọ̀sán o, mà! Ṣé ebi ń pa yín ni?”

Obìnrin náà tún un ṣe: ẹnu, àyà, omi.

Ọlọ́kọ̀ fọwọ́ kan Zulaikha léjìká, ó gbé àgbọ̀n sókè láti bi í pé ta ló ń juwọ́ sí. Zulaikha nàka. Ọkùnrin náà wò, ó tún wò, kò rí ẹnì kan. Ó kó àwọ̀n jù sílẹ̀ lórí iyanrìn láìdúró gba nǹkan kan, ó ti ọkọ̀ padà.

Zulaikha sọ fún Khaleel. Khaleel sì bá a lọ nígbà tó tún fẹ́ lọ, ó ní bóyá àmì ọwọ́ àwọn Ègùn tí òun mọ̀ á wúlò. Obìnrin náà wà níbẹ̀. Zulaikha di ọwọ́ Khaleel mú.

“Òun nìyẹn, lábẹ́ igi tó tẹ̀ yẹn!”

Khaleel wò títí. “Mi ò rí ẹnì kankan, olólùfẹ́ mi.”

“Ó ń wò wá!”

“Mi ò rí i. Ṣùgbọ́n wolẹ̀.”

Ipasẹ̀ tútù wà lórí iyanrìn gbígbẹ. Ó jáde láti inú omi, ó rìn wá, ó dúró síwájú Zulaikha gan-an. Kò sí èyí tó padà.

“Jẹ́ ká máa lọ,” ni Khaleel wí.

“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?”

“Rárá. Ẹsẹ̀ mi lẹ̀rù ń bà, èmi kàn ń tẹ̀lé e ni.”

Zulaikha fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò wá. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti fẹ́ sùn, ọwọ́ rẹ̀ á dédé gbéra fúnra rẹ̀, á bo ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ààwẹ̀, àlejò dé sílé Alhaji Abdulhameed. Alhaji Adédìran ni, ọlọ́jà pákó ní Aradagun, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tí ilé rẹ̀ kún fún èèyàn tó ń gbọ́ròó. Alfa Fàsásì, alfa àdúgbò, bá a wá. Bàbá ti rán Hidayah lọ sí Ajara láti lọ kí ẹnì kan tó bímọ. Ó fọwọ́ júwe fún Zulaikha pé kó bu omi fún àlejò. Zulaikha kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo oníbàárà, ó padà sẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí Ìyá Àgbà jókòó sí, ó ń tún àwọ̀n tó ya ṣe. Ó kẹ́yìn sí kọ́tìnnì.

Níwájú, Alfa Fàsásì gbé ohùn sókè gẹ́gẹ́ bí àṣà. “Zulaikha, ọmọ Abdulhameed! Bàbá rẹ fẹ́ fi ọ́ fún Alhaji Adédìran. Ṣé o fọwọ́ sí i?”

Abẹ́rẹ́ ń wọ inú àwọ̀n, ó ń jáde.

Alfa tún bèèrè. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde.

“Alihamudulilai,” ni Alfa wí, inú rẹ̀ dùn. Àjèjì ni ní àdúgbò náà, kò tíì pẹ́ tó dé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé adití ni ọmọ náà. “Ìtìjú wúńdíá ló mú un. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda rẹ̀.”

Wọ́n ṣe àdúrà. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Ìyá Àgbà Ganiyat tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tẹ tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun.

Ẹ̀yìn tí wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì ni Hidayah gbọ́. Ó fi ẹkún sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Zulaikha fà á lọ́wọ́ lọ bá bàbá wọn, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí bàbá náà fi gbójú sókè.

“Sọ fún un pé a bi í,” ni Alhaji wí fún Hidayah. “Alfa bi í. Ó dákẹ́.”

“Ó ní ẹ̀yìn òun lẹ bi! Ó ní ojú òun ni etí òun, ẹ̀yin sì lọ ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

“Ẹyin lohùn. Mo ti fọhùn níwájú èèyàn. Ṣé kí n lọ sí Aradagun lọ sọ pé ọmọ mi ń ṣeré?”

“Ó ní kí ẹ lọ sọ pé bàbá rẹ̀ ló ń ṣeré.”

“Hidayah!”

“Òun ló sọ ọ́, Bàbá, kì í ṣe èmi! Èmi kàn ń túmọ̀ ni.”

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìyẹn ni ẹ̀san tí ẹni tó ń gbọ́ròó lè san fún adití nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú kúrò, ọ̀rọ̀ adití sì kú sí ọwọ́ rẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Khaleel ní Ajara, láàárín pákó àti òórùn póníṣì, wọ́n pe Eunice lórí fóònù. Ojú obìnrin náà yọ, wọ́n rò fún un.

“Ṣé àjọ lè dá a dúró?” ni Khaleel bèèrè. “Ẹ̀yin tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ń gbọ́ tiyín.”

“A lè dúró níwájú ìjọba, àbúrò mi. A ò lè jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀,” ni Eunice wí. “Gbogbo ohun tí à ń bá ayé fà á lé lórí kò ju èyí lọ: kí wọ́n bi wá ní èdè tiwa. Zulaikha, bí o bá fẹ́ wá bá mi, ilé mi ṣí sílẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ dúró kí wọ́n bi ọ́, dúró. Mi ò ní dáhùn fún ọ.”

“Jẹ́ ká lọ,” ni Khaleel wí nígbà tí ojú fóònù ṣú. “Kútọnu ni, kì í ṣe ọ̀run.”

Zulaikha jókòó lórí ìtì pákó. Ṣé kó sá? Wọ́n á ní adití ni, kò lọ́pọlọ, ó tẹ̀lé ọkùnrin lọ. Ṣé kó dúró? Tí wọ́n bá tún bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ńkọ́?

“Bí mo bá sá,” ló wí nígbẹ̀yìn, “mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.”

“Tí wọ́n bá fi ọ́ fún un ńkọ́?”

“Wàá ti mọ̀ pé mo kọ̀.”

Khaleel kò fẹ́ràn ìdáhùn náà. Ó gbé ìfági, ó ń fá pákó tí kò sí ẹni tó ní kó fá a, ó ń fá a títí pákó náà fi tán.

Nígbà tó délé, Zulaikha ń rò fún Hidayah nípa obìnrin Topo, ó sì ń ṣe é bí obìnrin náà ti ń ṣe é. Ẹnu. Àyà. Omi. Ìyá Àgbà Ganiyat ń bọ̀ láti ibi tó ti ṣe àlùwàlá. Kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ṣàn dé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ.

“Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?” Ohùn rẹ̀ ti yí. “Hidayah, bi í! Ta ló kọ́ ọ?”

Hidayah túmọ̀. Zulaikha sì dáhùn: obìnrin kan, ní Topo, aṣọ rẹ̀ tutù.

Ìyá Àgbà jókòó sínú omi tó ṣàn náà.

“Àdùní ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àdùní ọmọ ọlọ́sà, a-rẹ́rìn-ín-bí-ẹni-gbọ́-àwàdà, ọmọ tí kò gbọ́ òjò, tó kọ́kọ́ mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Adití ni. Èmi àti ẹ̀ ní èdè ọwọ́ tiwa. Àwọn bàbá wa bi í bóyá yóò fẹ́ ọlọ́kọ̀ kan ní Topo. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ti bi í. Ó dákẹ́. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má da ọ̀rọ̀ àgbà rú, èmi náà sì dákẹ́.” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbọn àyà. “Inú ọkọ̀ ló wà nígbà tó ń ṣe èyí sí mi. Èmi wà ní èbúté. ‘Mi ò sọ bẹ́ẹ̀’ ni. ‘Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.’ Lẹ́yìn náà ó na ìka sí omi, ó sì lọ síbi tó nà án sí. Wọn ò rí i gbé jáde. Wọ́n ní kí a máa sọ pé ó wà nílé ọkọ.”

“Ìyá Àgbà, ẹ lọ sọ fún Bàbá,” ni Hidayah wí.

“Mo búra fún àwọn tó ti kú. Mo ti dàgbà jù.” Arúgbó náà dìde, aṣọ rẹ̀ ń kán. “Ẹ má sọ pé mo sọ ọ́ o.”

Ọjọ́ yìgì pé. Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ni. Àwọn ọkùnrin kún pálọ̀, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n fi ìbòrí funfun bo Zulaikha. Alhaji ti pàṣẹ pé kí Hidayah wà ní ilé ìdáná, kó má yọjú, nítorí ẹni tó ti gbà kò nílò ògbufọ̀ mọ́. Khaleel àti bàbá rẹ̀ Zinsu dúró lóde lábẹ́ igi máńgòrò, wọn ò pè wọ́n, wọn ò sì lé wọn.

Atẹ́gùn dédé dúró. Òórùn ọ̀sà wọ inú ilé, òórùn ẹrẹ̀ àti ewé tó ti pẹ́ lábẹ́ omi. Obìnrin kan fa ẹní rẹ̀ kúrò, ó ní ilẹ̀ tutù. Ẹlòmíì fa tirẹ̀. Omi ń rìn lábẹ́ ẹní, ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì.

Níwájú, Alfa Fàsásì wí pé, “Ká tún bi í, kó lè wà lẹ́nu rẹ̀. Zulaikha, ṣé o fọwọ́ sí i?”

“Alfa, ó ti gbà tẹ́lẹ̀,” ni Alhaji yára wí.

Zulaikha rí i pé gbogbo obìnrin yí ojú sí òun. Ó mọ̀ pé ìbéèrè ti dé. Ó ṣí ìbòrí, ó fa kọ́tìnnì sápá kan, ó dúró síwájú àwọn ọkùnrin, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ojú wọn ń wò ó bí ẹni ń wo ẹyẹ tó ṣèèṣì wọlé.

“Kí ló ń ṣe?” “Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?” “Ẹ fà á sẹ́yìn.”

Zulaikha dúró. Ó wo ilẹ̀ tó tutù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ẹnu.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Àgbà Ganiyat dìde láìgbé ọ̀pá. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò gbọ̀n mọ́. Ó gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ ọn ní àwọn ò ní gbàgbé ọwọ́ náà láé: ó dán, ó kún, ọwọ́ ọmọge ni, omi sì ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀,” ni arúgbó náà wí. Ohùn rẹ̀ kan àjà. “Ó ní ẹ ò bi òun. Adití ni, Alfa. Wọn ò sọ fún un yín. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ti bi Àdùní náà, mo wà níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Mo ti dákẹ́ tó! Abdulhameed, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú omi yẹn láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jẹ́ méjì ni?”

Alfa Fàsásì yíjú sí bàbá. “Alhaji. Ẹ mọ̀ pé kò gbọ́ mi?”

Alhaji Abdulhameed wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá bi í lójú, á kọ̀.”

“Asitafiruláì.” Alfa pa ìwé rẹ̀ dé. “Ẹni tí a kò bi, kò dáhùn. Ìdákẹ́ ẹni tó gbọ́ la ń pè ní ìyọ̀ǹda. Ti adití, àmì ọwọ́ rẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ọmọ yìí sì ti sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa. Kò sí yìgì níbí lónìí.”

Alhaji Adédìran dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. “Èmi ò wá jí ọmọ ọlọ́mọ gbé o. Ẹ̀rín tó rín sí mi lọ́jọ́ yẹn ni mo rò pé…”

“Ó rò pé ẹ wá ra àwọ̀n ni, sà,” ni Hidayah wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ẹ̀rín náà sì tú ilé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wolẹ̀, ẹní ti gbẹ. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ti hunjọ padà, ó ń gbọ̀n, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀.

Wọ́n kírun òkú fún Àdùní létí ọ̀sà, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Alhaji ló ké jù. Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ń rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Hidayah níwájú rẹ̀, ó ń ká ìka rẹ̀ tó ti le fún okùn fífà, ó ń nà án, ó ń tún un ká. Ìlú ní iṣan ló ń dùn ún.

Òjò ti dá nígbà tí àwọn ará ilé Zinsu wá láti Ajara. Kò sí kọ́tìnnì. Wọ́n to àga yíká kí gbogbo ojú lè rí gbogbo ọwọ́. Alfa Fàsásì ní kí a bi ọmọ, Hidayah sì dìde láti túmọ̀.

“Jókòó,” ni Alhaji wí fún un. “Èmi ni bàbá rẹ̀.”

Ó dúró síwájú ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òógùn bò ó. Ó ṣe é. Zulaikha bú sẹ́rìn-ín, Khaleel bo ojú.

“Kí ni mo sọ?” ni Alhaji bèèrè.

“Ẹ ní ṣé ó máa fẹ́ àga kápẹ́ńtà, Bàbá.”

“Àga kọ́! Kápẹ́ńtà gan-an!” Ó gbọn ọwọ́, ó tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí? Lẹ́yìn náà ó fi èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kó sọ kún un: Bí o bá kọ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ.

Zulaikha jẹ́ kó dúró díẹ̀. Ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó dì í ní ìkúùkù, ó sì mì í bí orí ẹni tó ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti kọjú sí Khaleel.

“Àmín,” ni Alfa wí.

“Àmín,” ni gbogbo ilé wí.

“Àmín,” ni ohùn obìnrin kan wí láti ìhà ọ̀sà, ohùn tó wúwo, tó há, ohùn ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí. Ẹ̀rín sì tẹ̀lé e, ó gùn, ó dùn, ó ń jìnnà lọ lórí omi níbi tí ọkọ̀ kankan ò sí. Irun dìde lára gbogbo èèyàn. Alfa dìde dúró. Ìyá Àgbà Ganiyat fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó ń sunkún ayọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, àwọn méjì péré ni kò gbọ́ ọ, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ojú ara wọn ni wọ́n ń wò.